Kí Ló Ń Mú Kí Fámpáyà Gba Ọkàn Òǹkàwé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Fámpáyà ni òkú tó kọ̀ tí kò dúró sínú sàréè, tó ń fi ẹ̀jẹ̀ alààyè gbé ara rẹ̀ ró. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń kọ ìtàn rẹ̀, àwọn òǹkàwé kò sì tíì ní kí wọ́n sinmi. Àwọn ìbéèrè tó wà níbí ni àwọn tó ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àti àwọn tó fẹ́ kọ ọ́, máa ń béèrè jù. Ìdáhùn àwọn kan gùn, ti àwọn mìíràn kò ju gbólóhùn mélòó kan lọ, torí pé ọ̀rọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Kí ló mú fámpáyà yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀dá abàmì yòókù inú ìtàn?

Ohun kan ni, òun náà ni gbogbo ìdáhùn tó kù sì rọ̀ mọ́: fámpáyà kò lè wà láìsí èèyàn. Ẹni tó ń para dà di ìkookò lè sá wọ igbó lọ, kó máa pa ẹran jẹ. Iwin lè gbé inú ilé ahoro fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìfojú kan ẹnikẹ́ni. Òkú arìn-máa-lọ tí kò ní làákàyè kò mọ ẹni tó ń bù jẹ. Fámpáyà mọ̀ wá. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa, ó lè fẹ́ràn wa dénú, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ mu wá. Ẹni tó lè lé ìdánìkanwà kúrò lọ́kàn rẹ̀ náà ni oúnjẹ rẹ̀.

Ibi tí ìfẹ́ wà ni ebi wà. Òǹkọ̀wé tó bá di èyí mú lè bọ́ aṣọ dúdú kúrò lọ́rùn rẹ̀, kó yọ eyín gígùn, kó kó pósí dànù, ìtàn náà á ṣì dúró. Èyí tó bá sọ ọ́ nù, kò sí iye eyín tó lè gba ìtàn rẹ̀ là.

Ṣé bí a ṣe mọ fámpáyà lónìí ló ṣe rí nínú ìgbàgbọ́ àwọn ará àtijọ́?

Rárá o. Fámpáyà tí àwọn ará abúlé Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ń bẹ̀rù kì í ṣe arẹwà ọlọ́lá. Aládùúgbò wọn tó kú lánàá ni, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, aṣọ ìsìnkú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní 1725, ní Kisiljevo ní Serbia, tó wà lábẹ́ ìjọba Habsburg nígbà náà, wọ́n ní Petar Blagojević tí wọ́n ti sin ń wá fún àwọn èèyàn lọ́rùn lójú oorun. Èèyàn mẹ́sàn-án kú láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n hú òkú rẹ̀, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gún igi mọ́ ọn láyà, wọ́n sì dáná sun ún. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà níbẹ̀ tó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di 1732, ìròyìn mìíràn láti Medveđa, lórí ọ̀ràn Arnold Paole, òkú mìíràn tí wọ́n ní ó di fámpáyà, tàn ká Yúróòpù, àwọn ọ̀mọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n rí nínú sàréè kì í ṣe irọ́, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ̀nà. Bí òkú ṣe ń jẹrà, afẹ́fẹ́ máa ń kóra jọ nínú rẹ̀, ikùn á wú, omi pupa á sì gba ẹnu àti imú jáde. Awọ ara á sún kì, èékánná á wá dà bíi pé ó ń hù sí i. Ní 1755, Maria Theresa, ọbabìnrin tó ń ṣàkóso ìjọba Habsburg, ní kí dókítà rẹ̀, Gerard van Swieten, wádìí ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn náà ló fòfin de híhú òkú nítorí ìgbàgbọ́ yìí.

Ìtàn tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ní 1892, ní ìlú Exeter ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Brown, ó ti pa ọmọbìnrin rẹ̀ méjì, ó sì ti dá ọmọkùnrin rẹ̀, Edwin, dùbúlẹ̀. Àwọn aládùúgbò rọ̀ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn òkú yẹn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà mu. Ó gbà kí wọ́n hú wọn. Òkú Mercy, ọmọbìnrin rẹ̀ tó kú kẹ́yìn, kò tíì jẹrà torí pé ìgbà òtútù ni. Wọ́n sun ọkàn rẹ̀, wọ́n po eérú rẹ̀ mọ́ omi, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu ún. Edwin kú láìpẹ́ sígbà náà.

Ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀: ẹbí ni wọ́n gbà pé fámpáyà máa ń kọ́kọ́ wá bá. Ẹni tó fẹ́ràn yín jù nígbà tó wà láàyè ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn yín. Àrùn tó ń ran ará ilé kan sí èkejì ló bí èrò yẹn, ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé mọyì rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó lọ.

Ta ló gbé e kúrò ní abúlé lọ sí ilé àwọn ọlọ́lá?

John Polidori ni, dókítà ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé akéwì Byron kiri. Òkè ayọnáyèéfín Tambora ní Indonéṣíà bú ní 1815, eérú rẹ̀ bo ojú ọ̀run, ojú ọjọ́ sì dàrú ní Yúróòpù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òjò ò dá, òtútù mú lásìkò tó yẹ kí oòrùn ràn. Byron, Polidori, Percy Shelley, Mary tó máa di ìyàwó Shelley àti Claire Clairmont wà ní Villa Diodati létí adágún Geneva, wọ́n ní kí oníkálukú kọ ìtàn ẹlẹ́rù. Níbẹ̀ ni Mary ti bẹ̀rẹ̀ Frankenstein. Byron bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan, ó pa á tì. Polidori gbé e, ó sọ ọ́ di tirẹ̀, ìtàn náà sì jáde ní 1819. Orúkọ Byron ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, èyí tó dun Polidori wọra.

Fámpáyà rẹ̀, Lord Ruthven, ń lọ síbi àríyá, gbogbo ìyálóde ìlú ló sì ń fẹ́ kó jókòó ti àwọn. Ṣùgbọ́n ipò ọlá yẹn kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Aubrey, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bá a rìnrìn-àjò, búra fún un nígbà tó ń kú lọ pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nípa ikú rẹ̀ títí ọdún kan àti ọjọ́ kan á fi pé. Ruthven jí padà, ó dé ìlú, ó sì dẹnu ìfẹ́ kọ àbúrò Aubrey. Aubrey mọ ẹni tó jẹ́, ìbúra sì dì í lẹ́nu. Ìwà rere ẹ̀dá ìtàn yìí gan-an ni okùn tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Fámpáyà tó gbọ́n kì í fi ipá já ilẹ̀kùn. Ohun tó dáa jù lára wa ló ń gbà wọlé.

Kí nìdí tí Dracula, fámpáyà inú ìwé Bram Stoker, fi ń bani lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i nínú ìwé náà?

Torí pé a kì í rí i náà ni. Lẹ́tà, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ìròyìn inú ìwé ìròyìn àti àkọsílẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ni Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ireland, fi hun ìwé tó gbé jáde ní 1897. Gbogbo èèyàn ló ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀, àfi ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé náà. Lẹ́yìn orí kẹrin, a kàn ń gbọ́ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn ni: ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ pẹ̀lú òkú ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ìtọ́kọ̀, ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ ń funfun sí i lójoojúmọ́, àpá méjì kékeré lọ́rùn.

Nínú orí mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, apá kan wà tí mo máa ń tọ́ka sí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ẹlẹ́rù. Jonathan Harker, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ tó wá bá Dracula parí ọ̀rọ̀ ilé tó fẹ́ rà ní Lọ́ńdọ̀nù, ń bá oúnjẹ gbígbóná lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń wà ní títẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó yọjú wò, ó rí i pé onílé fúnra rẹ̀ ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń to abọ́. Kò sí ìránṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ilé ńlá yẹn. A jẹ́ pé ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé e wá lóru, òun náà ni. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí eyín, síbẹ̀ ara òǹkàwé á bù máṣọ. Olóore tó ń tọ́jú àlejò rẹ̀ tọkàntọkàn, kí ló ń tọ́jú rẹ̀ fún?

Ṣé Vlad ti Wallachia ni Dracula?

Orúkọ ni Stoker mú, kò mú ìgbésí ayé. Vlad Kẹta jọba ní Wallachia, tó wà ní Romania òde òní, ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ń jẹ́ Dracula lóòótọ́, ìkà tó ṣe sí àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí rẹ̀. Stoker bá orúkọ náà pàdé nínú ìwé kan tó kà ní Whitby ní 1890. Nínú àwọn ohun tó ti kọ sílẹ̀ fún ìtàn náà, Count Wampyr ni ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé oòrùn gbọ́dọ̀ pa á?

Kò sí nínú ìwé Stoker. Dracula ń rìn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀sán gangan, agbára rẹ̀ kàn máa ń dín kù ni. Fíìmù Jámánì kan, Nosferatu, tí F. W. Murnau darí ní 1922, ló mú kí oòrùn òwúrọ̀ pa fámpáyà, gbogbo ayé sì gbà á bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ṣe fíìmù yẹn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ Florence, opó Stoker. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ ní 1925. Mélòó kan yè é, ìdí nìyẹn tí a fi ń wò ó títí dòní.

Àwọn òfin wo ni kí n wá lò fún fámpáyà tèmi?

Èyí tó bá máa ná an ní nǹkan. Aáyù, dígí tí kì í fi òjìji rẹ̀ hàn, omi mímọ́, pósí, gbogbo ìwọ̀nyí kò burú, ṣùgbọ́n ohun èlò lásán ni wọ́n tí wọn kò bá kan àjọṣe àárín rẹ̀ àti èèyàn. Bi ara rẹ nípa òfin kọ̀ọ̀kan: ta ni òfin yìí máa dùn, ìgbà wo ló sì máa dùn ún jù?

Nínú gbogbo òfin tí wọ́n ti fún fámpáyà, èyí tó sọ pé kò lè wọlé àfi tí onílé bá ní kó wọlé ni mo fara mọ́ jù. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pa ni kọ́kọ́rọ́ wà. Òǹkàwé rí ewu náà, ó fẹ́ pariwo, ẹ̀dá ìtàn sì ń sọ ọ́ bọ̀ lẹ́nu: "Wọlé." Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí á tún ní ẹ̀bi díẹ̀ tí á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún, ìyẹn sì ń jẹ́ kí ìtàn náà wọnú egungun.

Òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, John Ajvide Lindqvist, yí òfin yìí po nínú ìwé tó gbé jáde ní 2004. Oskar, ọmọ ọdún méjìlá tí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ń fìyà jẹ, bá Eli tó jẹ́ fámpáyà ṣọ̀rẹ́. Ó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí òun ò bá sọ pé "wọlé." Eli wọlé láìgba àṣẹ, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀ níbi gbogbo, títí Oskar fi kígbe pé kó wọlé, ó ti gbà. Òfin tó wà láti dáàbò bo èèyàn ti di ọ̀nà tí fámpáyà gbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ìran kan péré nìyẹn, ó sì sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé kò rí sọ ní odindi.

Báwo ni mo ṣe lè kọ ẹni tó ti gbé ayé fún ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí òǹkọ̀wé máa to ìtàn ayé lé e lẹ́nu: ó mọ ọba báyìí, ó ja ogun báyìí, ó bá akéwì báyìí mu ọtí. Ìwé ìtàn lè sọ gbogbo ìyẹn. Ọjọ́ orí kì í hàn nínú ohun tí èèyàn rántí nìkan, ó ń hàn nínú ohun tí kò ka sí mọ́. Ẹni tó ti rí ìlú mẹ́wàá tó dìde tó sì wó kò ní jà nítorí pé wọ́n gba àga rẹ̀. Ó lè dúró ogún ọdún kó tó gbẹ̀san, láìbínú. Ó lè pe ọmọ ní orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, kó má sì tún un ṣe. Kò ní yára kọ́ orúkọ ìránṣẹ́ tuntun, torí pé ó mọ bí ọgbọ̀n ọdún ṣe kúrú tó. Tó bá wá yára kọ́ orúkọ ẹnì kan, kí òǹkàwé ti jí gìrì.

Àìkú tún ní apá tó burú jù, ìyẹn ni pé ẹni tí kò lè kú kò lè dàgbà. Ibi tí wọ́n ti pa á ló wà títí. Anne Rice fi èyí hàn nínú ìwé Interview with the Vampire tó jáde ní 1976, nípasẹ̀ Claudia, ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n sọ di fámpáyà. Ọpọlọ rẹ̀ dàgbà di ti obìnrin, ara rẹ̀ wà ní ti ọmọdé tí wọ́n ṣì ń ra bèbí fún. Ìkórìíra tó ní sí àwọn méjì tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé bá wí, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan ló ní láyé. Rice fúnra rẹ̀ ti pàdánù ọmọbìnrin rẹ̀, Michele, tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ní 1972 kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Mi ò rò pé òbí kankan lè ka apá yẹn nínú ìwé náà tán kó má dákẹ́ díẹ̀.

Ṣé mo lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹran máa tó o?

O lè ṣe é, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ níbòmíràn. Fámpáyà tó ń mu ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín tí ara rẹ̀ sì le koko, tí inú rẹ̀ sì dùn, ti di èèyàn tó kàn ń jẹun lóru ni. Tí ẹ̀jẹ̀ ẹran bá ń mú kó gbàgbé nǹkan, tó ń mú kí ara rẹ̀ máa rọ, tó ń mú kó gbọ́ ìlù ọkàn ìyàwó rẹ̀ láti yàrá kejì ní gbogbo òru, ìtàn ti wà níbẹ̀.

Ebi náà, máa kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ebi. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ ewì bò ó mọ́lẹ̀. Ebi ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, ó ń mú kí èèyàn parọ́ fún ẹni tó fọkàn tán an, ó ń mú kó máa ṣírò: ta ni kò ní ará, ta ni wọn ò ní tètè wá? Ìṣírò yẹn bani lẹ́rù ju eyín lọ, torí pé alààyè náà ń ṣe é.

Ṣé kí fámpáyà fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀?

Ó sinmi lórí ẹni tó ń gbọ́. Nígbà tí fámpáyà bá gba ọ̀rọ̀ sọ, a pàdánù ẹ̀rù ẹni tí a kò mọ inú rẹ̀, a sì jèrè ìbànújẹ́ ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ewu rẹ̀ ni ẹkún àsunìdákẹ́: ojú ìwé lórí ojú ìwé tí apànìyàn fi ń káàánú ara rẹ̀, nígbà tí àwọn tó pa kò ní orúkọ.

Nínú ìwé 1976 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Louis fi odindi òru kan sọ fún ọ̀dọ́kùnrin oníròyìn kan bí ayé òun ṣe bàjẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀dọ́kùnrin náà wá ní kó sọ òun náà di fámpáyà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Tàbí ká sọ pé ó gbọ́ ohun tí àwa òǹkàwé náà ń gbọ́ lábẹ́lẹ̀, tí a ò fẹ́ jẹ́wọ́: pé pẹ̀lú gbogbo ẹkún yẹn, ó wù wá. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí fámpáyà rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnì kan síwájú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà máa ṣe ní nǹkan.

Ìtàn ìfẹ́ fámpáyà ti pọ̀ jù. Ǹjẹ́ ó ṣì lè dùn?

Ó lè dùn gan-an, tí òǹkọ̀wé kò bá purọ́ fún ara rẹ̀. Sheridan Le Fanu ti kọ ọ́ láti 1872, nínú Carmilla, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣáájú Dracula. Laura, ọmọbìnrin tó dá nìkan wà nílé bàbá rẹ̀, rí ọ̀rẹ́ tuntun kan, Carmilla tó jẹ́ fámpáyà, tó ń dì mọ́ ọn, tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i létí. Laura ní ó ń fà òun mọ́ra, ó sì ń lé òun sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò yan ọ̀kan. Àní nígbà tí wọ́n ti pa Carmilla tán, Laura ṣì ń rò pé òun gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sọ pé ẹ̀rù nìkan ló bà á.

Ohun tó ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ ni kí òǹkọ̀wé pa ewu run kí ìfẹ́ lè rọrùn. Ẹni tó ti gbé ọgọ́rùn-ún ọdún tó ń fẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní agbára tí ọmọ náà kò ní: ó mọ ayé jù ú lọ, ó lágbára jù ú lọ, ó lè pa á láìmọ̀ọ́mọ̀. Tí ìtàn bá rí èyí, tó sì jẹ́ kí ọmọ náà rí i, ó lè jinlẹ̀. Tó bá pè é ní ìfẹ́ tó mọ́ lóló, òǹkàwé tó lójú inú á kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Òun ni ìdájì ìtàn, òun sì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Fún un ní iṣẹ́, ní ìyá, ní ohun tó fẹ́ ṣe lọ́la. Octavia Butler ṣe é dé góńgó nínú Fledgling ní 2005. Àwọn tí Shori, fámpáyà aláwọ̀ dúdú, ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn kì í kú. Ara wọn ń le sí i, ẹ̀mí wọn ń gùn, wọ́n ń bá a gbé bí ẹbí. Àmọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọn ò lè fi í sílẹ̀ mọ́, ara wọn kò ní gbà. Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni, àbí wọ́n dè wọ́n? Àwọn fúnra wọn ń béèrè, Shori náà ń béèrè. Butler kò fún wa ní ìdáhùn tó rọrùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un.

Ṣé fámpáyà lè gbé ọ̀rọ̀ tó kọjá ẹ̀rù, bí ìnira àti ìtàn àwọn èèyàn dúdú?

Ó ti ń gbé e ọjọ́ ti pẹ́. Nínú fíìmù Blacula ti 1972, tí William Marshall jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, Mamuwalde, ọmọ ọba kan láti Áfíríkà, lọ bá Dracula pé kó bá àwọn fòpin sí òwò ẹrú. Dracula bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ó sọ ọ́ di fámpáyà, ó sì tì í mọ́ inú pósí. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ fún òmìnira àwọn èèyàn rẹ̀ ló di ẹrú ebi.

Ní 2025, Ryan Coogler gbé Sinners jáde, ìtàn tó wáyé ní Mississippi ní 1932. Remmick, fámpáyà inú rẹ̀, kò fi eyín bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: ẹ jẹ́ ká jọ wà pọ̀, níbi tí kò ti sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Orin ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sammie ló ń wá, torí orin yẹn lè dá ohun tó ti sọ nù padà fún un. Ohun tó ń fi lọni kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìyẹn ló mú kó nira láti kọ̀ fún un. Ọ̀tá tó ní ẹjọ́ rò ṣòro láti tì lẹ́nu.

Ṣé dandan ni kó rẹwà?

Kì í ṣe dandan. Èyí tí òṣèré Max Schreck ṣe nínú Nosferatu, fíìmù 1922 yẹn, dà bí eku ńlá, kò sì sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀. Ohun tó ń fa èèyàn sún mọ́ fámpáyà kì í ṣe ojú dáadáa, àfiyèsí rẹ̀ ni. Ó ń tẹ́tí sí ọ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn láyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí ẹni tó gbọ́ wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ta ló yẹ kó pa á?

Ẹni tí kò wù láti pa á. Nínú ìwé Stoker, Lucy kú, ó di fámpáyà, ó sì ń gbé àwọn ọmọdé lọ lóru. Ọ̀mọ̀wé Van Helsing mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ọwọ́ rẹ̀ gba igi náà dáadáa, síbẹ̀ Arthur, àfẹ́sọ́nà Lucy, ló fún ní òòlù. Ìran yẹn ń dunni títí dòní torí ẹni tó di òòlù mú. Nígbà tó kan Dracula fúnra rẹ̀, Mina tó ti bù jẹ ló sọ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n ṣàánú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dọdẹ rẹ̀, Mina náà ló sì rí àlàáfíà lójú rẹ̀ nígbà tó ń tú ká di erùpẹ̀.

Tí ọmọ ogun tí a kò mọ̀ rí bá yọ lẹ́yìn ilé tó sì yìnbọn fún fámpáyà rẹ, ìtàn parí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sanwó.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpànìyàn, má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn bó ṣe di fámpáyà. Kọ ìran kan tí òun àti ẹnì kan ṣoṣo ti jọ jókòó sínú yàrá. Kí ẹni náà ní ohun kan tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ fámpáyà: owó, ìmọ̀, ìtùnú, ìròyìn nípa ẹni tó ti kú. Kí inú fámpáyà dùn sí i pé ó wá. Kí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti jẹun kẹ́yìn. Má dárúkọ ẹ̀jẹ̀ rárá. Kọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ, ìgbà tó dìde lọ dúró lójú fèrèsé tó jìnnà sí àlejò rẹ̀, àti ohun tó sọ pé ó fà á. Nígbà tí àlejò náà bá wá béèrè bóyá òun lè sùn síbẹ̀ torí ilẹ̀ ti ṣú, kọ èsì rẹ̀.